Ìwé Mọ́kànlá Lórí Tábìlì

Ìwé mọ́kànlá ló wà lórí tábìlì,
owó tó wà nílẹ̀ kò ju ti méjì lọ.
Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ péré, òkùnkùn ti kùn ní Moose Jaw,
yìnyín lẹ̀ mọ́ fèrèsé bí ẹ̀kọ tó dì mọ́ ìdí ìkòkò.

Misisi Kowalchuk pín pẹ́ńsùlù fún wa.
Máàkì kan sí márùn-ún: ẹni mélòó ni yóò gbà là?
Èló ni yóò ná wa? Ta ni yóò ṣe é? Ìgbà wo ni yóò parí?
Ó ní ká má fi ojú àánú wò ó,
ojú òǹkà ni ká fi wò ó.

Àkọ́kọ́, àwọn arúgbó tó ń ṣubú lóru
nígbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n, tí agogo ìpè sì jìn sí wọn.
Mẹ́tàdínlógójì láàárín ọdún kan. Egungun ìbàdí mẹ́sàn-án ló kán.
Èkejì, ọwọ́ tí a kì í fọ̀ dáadáa.
(Gbogbo wa rọra wo ọwọ́ wa.)
Dókítà Thibodeau ń fẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan lára ògiri
tí yóò máa fi iye ibùsùn tó ṣófo hàn,
pupa, àwọ̀ ewé, pupa.
Ó ti ya àwòrán rẹ̀ wá láti ilé.

N kò ní parọ́, èkẹsàn-án ni tèmi.
Ojú ìwé kan ààbọ̀: kí ẹnìkan máa tẹ aláìsàn láago
ní ọjọ́ kẹta tó bá délé,
kó bi í pé, oògùn wo lẹ̀ ń lò, èwo lẹ ti dá dúró?
N kò kọ orúkọ Baba Lloyd Gervais síbẹ̀,
ẹni tí a di oògùn tuntun fún nínú oṣù kẹwàá,
tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ lórí fíríìjì,
tó sì ń lo méjèèjì, nítorí pé onígbọràn ni.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di omi.
Aládùúgbò ló rí i.
Fọ́ọ̀mù kò ní àyè tí a ń kọ irú èyí sí.

Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.
Mo ti pa òwe yìí fún ọmọ mi lórí iṣẹ́ ilé-ìwé,
ó rọrùn lẹ́nu.
Ní yàrá yìí, gbogbo ìwé ló ń pe ara rẹ̀ ní ẹ̀tẹ̀,
ẹni tí làpálàpá ń yún kò sì rí oorun sùn.

Rhonda tó ń ṣiṣẹ́ òru ló sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè:
"Wọn kì í pariwo bí wọ́n bá ṣubú.
Bí àpò ìrẹsì ló ń dún.
Bí mo bá débẹ̀, wọ́n á dì mí lọ́wọ́ mú:
jọ̀ọ́, má sọ fún ọmọ mi."

Mo fún ìṣubú ní márùn-ún.
Mo dé orí tèmi. Ẹni mélòó ni yóò gbà là?
Mo mọ ẹnìkan.
Mo kọ méjì síbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Ìṣubú wọlé. Ọwọ́ fífọ̀ wọlé.
Thibodeau ká àwòrán rẹ̀ jọ bí ẹni ń ká ẹní àlejò tí kò wá.
Tèmi ṣe ìkeje.
"Ó di ọdún tó ń bọ̀," ni Kowalchuk wí, kò sì fi wí ìkà.

Mo yọ wáyà tó ń mú ẹ́ńjìnnì mi gbóná,
mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń retí kí gíláàsì yọ́.
N kò kábàámọ̀ márùn-ún tí mo kọ.
Méjì yẹn ni kò jẹ́ kí n wakọ̀ lọ.

Aláìsàn mẹ́ta ló relé lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Mo ka ọjọ́ lórí ìka inú ìbọ̀wọ́:
ọ̀la, ọ̀túnla, Ẹtì.
Ọjọ́ Ẹtì, n kò sí lẹ́nu iṣẹ́.